Obìnrin Wo Ni Kí Ẹ Mú? Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Kọ Ìtàn Àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa obìnrin ayé àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ohun tó kọ́kọ́ máa ń dà á láàmú ni obìnrin tí yóò mú. Orúkọ pọ̀ nílẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, wọn yóò ka Súngbọ́, wọn yóò ka Tinúbú àti Ẹfúnṣetán, wọn yóò sì tún mẹ́nu ba ìyá ìyá tiwọn tó ń ru iyọ̀ kí òyìnbó tó wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sáré mú orúkọ tó lókìkí jù, ìwé á sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní orí kẹta, torí pé òkìkí obìnrin ọ̀tọ̀, kí ìtàn rẹ̀ ṣeé kọ ọ̀tọ̀.

Irú ìwé tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí obìnrin inú rẹ̀ rí ìyà, tó pàdánù nǹkan gidi, tí kò sì jókòó sunkún lé e lórí. Kí àṣírí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí òǹkàwé máa fura sí ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má lè gbé ìwé sílẹ̀ sùn.

Nǹkan mélòó kan ni mo fi ń wọn obìnrin kọ̀ọ̀kan kí n tó sọ pé ó yẹ. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí: kí ló wà nílẹ̀ nípa rẹ̀, ta ló kọ ọ́ tàbí tó ń sọ ọ́? Ẹ̀rí tó pọ̀ jù máa ń de òǹkọ̀wé lọ́wọ́, èyí tó kéré jù sì lè sọ ọ́ di onírọ́ láìmọ̀. Owó ló tẹ̀ lé e, owó mọ́tò àti owó ìwé, àti iye ọjọ́ tí ẹ máa fi jókòó ti àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì òyìnbó nípa ẹkùn Ìjẹ̀bú wà. Ẹ̀kẹta ni àlàfo. Bí gbogbo ayé bá ti mọ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin ìtàn kan, ìfura kò níbi tí yóò sá pamọ́ sí. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ni obìnrin náà, ìyẹn ìdílé, ààfin, awo, tí wọ́n lè bínú, tí ìbínú wọn sì lè tọ́. Èyí tó ga jù lójú tèmi ni pé kí obìnrin náà jẹ́ ẹni tó pinnu nǹkan, kí ìpinnu náà sì ná an ní nǹkan. Obìnrin tí nǹkan kàn ń ṣẹlẹ̀ sí, àánú rẹ̀ á ṣe wá, ṣùgbọ́n a ò ní tẹ̀ lé e dé ojú ewé 300.

Bílíkísù Súngbọ́

Kò sí ẹni tó sún mọ́ wa jù ú lọ. Ibojì tí wọ́n ń pè ní tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn èèyàn sì máa ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí àwọn baba wa sọ ni pé obìnrin olówó ni, opó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ ká kí orúkọ òun má baà parun.

Yàrà náà, Erédò, kò ṣeé jiyàn. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibì kan sì wà tí ó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ lónìí, ilẹ̀ pupa ló dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, nǹkan tútù aláwọ̀ ewé ti bò ó, gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, ariwo mọ́tò á sì dákẹ́ lójijì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á mọ ibi tí ìtàn òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé yàtọ̀ sí yàrà, ibojì àti ìtàn àtẹnudẹ́nu, kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́. A ò mọ ọkọ rẹ̀, a ò mọ ọ̀tá rẹ̀, a ò mọ ohun tó sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tún máa pàdé àwọn tó ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n fi ìgbà Sólómọ́nì sí, Erédò kò sì tilẹ̀ sún mọ́ ìgbà yẹn. Iṣẹ́ ìwádìí fi í sí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú Jésù. Ẹni tó bá mú ayaba náà wọ inú ìwé, ìtàn ìgbàgbọ́ ló ń kọ. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé rẹ̀ náà sì mọ̀.

Ní ti owó, òun ló fúyẹ́ jù, torí owó ọ̀kadà àti sùúrù ló gbà. Ní ti àlàfo, àlàfo ni gbogbo rẹ̀, ohun tó sì ń pa òǹkọ̀wé tuntun nìyẹn, torí pé ẹni tí kò bá lè dá odindi ìlú sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, láti oúnjẹ dé òfin, kò ní rí ohun tí yóò dì mú. Ìfura ibẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ta ló ń gbẹ́ kòtò náà, kí ni wọ́n ń sọ ní òru nípa obìnrin tó ń pàṣẹ fún wọn, kí ló ń bẹ̀rù tó fi fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ ní odi tó tó báyìí? Ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ibojì náà kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan. Ibi ìjọsìn ni lójú wọn.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìbàdàn ni tirẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé Ìjẹ̀bú kò lè fojú fò ó, torí pé ọ̀nà wa ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí Ìbàdàn fi jagun gbà kọjá. Nínú gbogbo obìnrin tí mo kà sílẹ̀, òun ni ikú rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere jù. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ̀ràn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ.

Ẹ wo bí ó ṣe tò. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Ó ní oko, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó ń ta ohun ìjà fún àwọn olórí ogun. Nígbà tó di 1874, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ogun ránṣẹ́ sí òun, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún wọ́n yọ ọ́ lóyè Ìyálóde, wọ́n sì gbé e fún Ìtọ̀sìn. Ó san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Wọ́n lọ bá Kúmúyìlọ́, ẹni tó gbà ṣọmọ, wọ́n sì fi nǹkan dí i lẹ́nu. Ní òru, ní ìparí oṣù Kẹfà, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀ láti àjà yàrá tó sùn sí.

Bí ẹ bá ń wá ìfura, ó ti délẹ̀. Oṣù méjì péré ló wà láàárín ọjọ́ tí oyè bọ́ àti ọjọ́ ikú, obìnrin náà sì mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Kí ni ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ máa ń ṣe láàárọ̀? Ta ló ń sè é lóúnjẹ? Ìgbà wo gan-an ni Kúmúyìlọ́ gbà, ṣé ó sì ṣì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ lẹ́yìn ìgbà tó ti gbà?

Ohun tó mú kó ṣòro ni pé gbogbo ẹni tó kàwé Yorùbá dé iléèwé girama ti ní Ẹfúnṣetán kan lọ́kàn, ìkà obìnrin tó ń bẹ́ orí ẹrú. Eré orí ìtàgé ló gbìn ín síbẹ̀, ó sì ti ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ báyìí gbọ́dọ̀ bá àwòrán yẹn jà láti ojú ewé kìíní, láìsọ ìyá náà di áńgẹ́lì, torí òun kọ́ ló yàtọ̀ sí àwọn olówó ẹrú ìgbà rẹ̀. Gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ó kú. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ má fi ojú tirẹ̀ sọ ìtàn náà. Ẹ fi ojú oníṣòwò Ìjẹ̀bú kan sọ ọ́, obìnrin tó kó ìbọn fún un láwìn, tó wá gba owó rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún náà, tó bá ilé tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Òǹkàwé mọ̀ pé Ìyálóde kò ní là á já. Kò mọ̀ bóyá àlejò náà á là á já.

Ẹ̀rí rẹ̀ dájú, owó rẹ̀ ga díẹ̀ torí ẹ máa lọ Ìbàdàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹfúnróyè Tinúbú

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ìtàn rẹ̀ kún ju ìwé kan lọ: aya Ọba Adélé, ó bá a dé Àgbádárìgì, ó ta ẹrú, tábà àti iyọ̀, ó di alágbára ní Èkó títí wọ́n fi lé e kúrò ní 1856. Ní Abẹ́òkúta ó kó ohun ìjà jọ fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhọ̀mì ní 1864, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde, ó sì kú ní 1887. Àkọsílẹ̀ àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nípa rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá mú un, kí ó gé ọdún kan ṣoṣo jáde. Èmi ì bá mú 1856, láti ọjọ́ tí ìròyìn lílé rẹ̀ dé etí rẹ̀ títí di ọjọ́ tó wọkọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ẹ̀gbá àti Èkó ló ni ín, wọ́n sì ní àwọn òǹkọ̀wé tiwọn.

Obìnrin tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀

Ibí ni ọkàn mi wà.

Títí di 1892, ọ̀nà láti ọ̀sà lọ sí òkè kò ṣí fún àjèjì. Ìjẹ̀bú ló dúró láàárín. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù gba ọjà Èjìnrìn wọlé láti etí ọ̀sà, ẹrù òkè sì gba Òrù sọ̀ kalẹ̀, oníbodè sì wà lójú ọ̀nà tó ń gba owó. Ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọ̀rọ̀ bóyá ká ṣí ọ̀nà tàbí ká tì í sì pín Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ sí méjì. Ní 1883 Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, di ẹni tó ń sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba òyìnbó ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀. Ní 1891, Denton tó ń ṣe adelé gómìnà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò gbà á bó ṣe fẹ́. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n ṣe àdéhùn pé ká ṣí ọ̀nà, kí ìjọba máa san pọ́n-ùn 500 lọ́dún dípò owó bodè. Kò pẹ́ tí àdéhùn náà fi dàrú. Lọ́jọ́ 19 oṣù Karùn-ún, lábẹ́ Awùjalẹ̀ Adésímbọ̀ Tunwáṣe, ogun pàdé ogun ní Ìmàgbọ̀n lẹ́bàá odò Yemọji, ìbọn Máàsìmù, ìbọn òyìnbó tó ń rọ̀jò ọta, sì fọhùn. Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ wá gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ogun yìí, orúkọ ọkùnrin lẹ máa rí: gómìnà, kọ́nẹ́ẹ̀lì, ọba, balógun, àlùfáà. Àwọn tó ru ẹrù, tó ta iyọ̀, tó hun aṣọ, tó mọ oníbodè tó ń gba rìbá àti èyí tí kì í gbà, wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rí nípa ayé tó yí wọn ká dúró digbí, nípa wọn fúnra wọn kò sí nǹkan kan. Kò sí àlàfo tó dára fún òǹkọ̀wé jù báyìí lọ, torí pé ọdún àti ọjọ́ ò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà, kò sì sí ìdílé tó máa bi yín pé ta ló ní kí ẹ pa ìyá àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ní Ìjẹ̀bú, obìnrin ló ń hun ìtagbè, aṣọ tí àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, ń fi sí èjìká. Òfì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọkùnrin ń jókòó tì tí aṣọ rẹ̀ ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí dúró sókè níwájú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ fẹ̀. Ó ń fa òwú sókè sílẹ̀ kó lè yọ ṣàkì, ìlà àti àmì tí ẹni tó mọ̀ ọ́n á kà. Ẹni tó bá fẹ́ joyè gbọ́dọ̀ ní aṣọ. Obìnrin tó ń hun ún lè ti mọ ẹni tí oyè máa kàn kí ìlú tó mọ̀, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Bí ó bá wá di oṣù Kẹrin 1892, tí ẹnì kan ní kí ó hun ìtagbè fún ẹni tí oyè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn alààyè ńkọ́? Ta ló mọ̀ pé oyè náà máa tó ṣófo? Ṣé kí ó sọ, ta ni yóò sọ ọ́ fún, ta sì ni yóò gba obìnrin gbọ́? Ìwé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a ò sì tíì yìnbọn kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ọ̀nà ju ilé lọ, ẹ mú aláàárù kan tí ẹ̀tù wà lábẹ́ iyọ̀ rẹ̀ láti Èjìnrìn. Oníbodè ti ń fi igi gún ẹrù ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ sì rántí pé obìnrin kì í rí Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ tí Agẹmọ bá ń kọjá, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ìròyìn tó yẹ kó dé kíákíá á dúró dè é níbẹ̀. Òfin ìlú ló ti yín lẹ́yìn, ẹ ò nílò láti dọ́gbọ́n ìdíwọ́ kankan.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, kò di dandan kí ẹ wá bá wa ní Ìmàgbọ̀n. Ogun Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá dé ilẹ̀ yín ní Ìperu láàárín 1862 sí 1864. Ní 1872, ìlú mẹ́tàlá, Ọ̀fin, Màkún àti àwọn yòókù, kó ara wọn jọ di Ṣágámù, olúkúlùkù pẹ̀lú àdúgbò rẹ̀. Obìnrin tó di ìkòkò rẹ̀ lérù kúrò nílé bàbá rẹ̀, tó bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò tí kò mọ̀ rí, tó wá gbọ́ ohùn kan lóru tó dá a lójú pé ó ti gbọ́ ní Ìperu nígbà ogun: mo fẹ́ ka ìwé yẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ìgbà tó sún mọ́ wa, òwò obì tó sọ Ṣágámù di ìlú tí Hausa ti ń wá rajà títí Sàbó fi dìlú ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú awìn, àdéhùn ẹnu àti àpò obì tí kò dé ibi tó ń lọ.

Ní ti ìnáwó, sùúrù ló gbà jù. Ẹ lọ bá àwọn àgbà obìnrin, ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé wọn, ẹ má yára béèrè ọdún. Iṣẹ́ tí ìyá náà ṣe, ọjà tó ná àti odò tó dá kọjá sábà máa ń wà nínú oríkì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ sí Ìbàdàn lọ wo fáìlì. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn inú ìwé sọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ nílé, kí ìròyìn òǹkọ̀wé wà ní Yorùbá tí gbogbo èèyàn ń kà. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe dọ́gbọ́n orò Òṣùgbó tí ẹ kò mọ̀. Ẹ dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà ilédì, ilé ìpàdé wọn. Ilẹ̀kùn tí a kò ṣí máa ń ba òǹkàwé lẹ́rù ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Màmá HID Awólọ́wọ̀

Wọ́n bí wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1915, wọ́n fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1937, oníṣòwò aṣọ sì ni wọ́n. Ọdún 1963 nìkan tó láti wó ènìyàn: ní oṣù Keje, Ṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ní oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ rán ọkọ wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Wọ́n gbé ilé dúró, wọ́n gbé òwò dúró, wọ́n sì dìde wọ inú òṣèlú nítorí ọkọ wọn, títí wọ́n fi tú baba sílẹ̀ ní 1966. Wọ́n pa ojú dé ní 2015, ó ku nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kò sí obìnrin tó faradà á jù báyìí lọ nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀, ẹ̀rí sì pọ̀ dé inú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́. Síbẹ̀ mi ò ní gba òǹkọ̀wé àròsọ níyànjú pé kó mú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbẹ, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà láyé, kò sì tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ sí ìyá wọn lẹ́nu lórí òkú ọmọ. Ìtàn ìgbésí-ayé tòótọ́ ló yẹ wọ́n. Ẹni tí ọdún 1963 ń pè, kí ó dá obìnrin mìíràn sílẹ̀ nínú ọdún kan náà, ìyàwó akọ̀wé kóòtù kan ní Rẹ́mọ, fún àpẹẹrẹ, tí ọkọ rẹ̀ ń dé sílé pẹ̀lú ìwé tí kò yẹ kó kúrò lọ́fíìsì.

Ta ni kí ó mú ta?

Bí ẹ kò bá tíì kọ ìwé kankan rí, ẹ mú obìnrin tí kò lórúkọ. Ẹni Ìjẹ̀bú kí ó mú 1892, ẹni Rẹ́mọ kí ó mú 1872. Owó tó wà lọ́wọ́ yín á tó o, bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ lè tún un ṣe láìbọ́ sọ́wọ́ ìdílé kankan.

Ẹni tó ti kọ ìwé méjì mẹ́ta, tó ní àyè láti máa lọ Ìbàdàn, tí kò sì bẹ̀rù àríyànjiyàn, kí ó mú Ẹfúnṣetán, kí ó fi ojú àlejò wò ó. Akéwì, ẹni tí ìtàn tó jọ àlá kò já láyà, Súngbọ́ ń dúró dè é ní Òkè-Ẹrí. Olùkọ́ tó ń kọ fún àwọn ọmọ iléèwé girama, kí ó mú aláàárù ojú ọ̀nà Èjìnrìn, kí ó dín in kù sí ìrìn-àjò kan, torí ọmọdé á ka ìwé tí ẹrù inú rẹ̀ lè gbiná nígbàkúgbà. Tinúbú wà fún ẹni tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì àwọn aṣojú ìjọba ìgbà náà láìgba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ pátápátá.

Ẹni tó bá sì ní ìyá àgbà tó ṣì wà láyé ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Òde-Rẹ́mọ tàbí níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí kí ó tó yan ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí.